Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Adépọ̀jù Lórí Ìyanuolúwa, Ẹni Tí Ó Kọ́ Wa Láti Fi Èèpo Dáná

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Afèèpo-dáná Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Sí Bàbá Ọlọ́rundáre Adépọ̀jù, Màmá Àyìnkẹ́ Adépọ̀jù, àti ọmọ wa Fikáyọ̀ Adépọ̀jù, ní Inísà.

Bàbá wa, Màmá wa, àti Fikáyọ̀,

Pẹ̀lú ọkàn tí ó gbọgbẹ́ ni gbogbo àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Afèèpo-dáná fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ọmọ yín, arábìnrin wa, Ìyanuolúwa, tí ó fi wá sílẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Èmi tí mò ń kọ ọ́, Fúnmiláyọ̀ Olúwaṣèyítán, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti kọ irú ìwé báyìí fún ìdílé púpọ̀ rí. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ibi tí mo bá sì dé ni wọ́n ti máa ń fi mí ṣe akọ̀wé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to irú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí kò ṣeé tò. Ẹ foríjì wá níbi tí ọ̀rọ̀ wa bá ti wọ́.

A kò ní sọ fún yín pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. A mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti ń wọlé wá sọ ọ́ fún yín láti ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ yìí ti ṣẹ̀, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìlú mẹ́ta ń fi orúkọ rẹ̀ pe iná tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, kì í ṣe omi. Agbè ni. Ó ti fọ́, a kò sì tíì mọ ohun tí a ó máa fi pọnmi.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà kí a tó máa bá ìyókù lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú Ìyanuolúwa, Fikáyọ̀ àbúrò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Bàbá fún wa pé kí ẹgbẹ́ wá hú táńkì gáàsì tí ó wà lẹ́yìn ilé yín, nítorí Bàbá kò fẹ́ kí ojú òun tún kàn án mọ́. A gbọ́. A kò bínú, a kò sì ní bínú láé. Ilé yín ni, ẹ̀yìnkùlé yín ni, ọmọ yín ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Bí ẹ bá ní kí a hú u, a ó hú u. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ẹ ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fún wa ní èsì, kí ẹ sì kà á sétí Màmá, nítorí nínú iṣẹ́ tí a jẹ́ fún wa, a kò gbọ́ orúkọ Màmá.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ìlú. Wọ́n ní gáàsì ni ó pa á. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń kó ohun jíjẹrà kiri, òórùn rẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ bí i mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bí i mọ́ ni, èyí tí ó máa ń dá a dùbúlẹ̀ nígbà òtútù, tí eegun rẹ̀ á máa ro ó títí yóò fi máa gbé ìrọ̀rí bu jẹ. Òun fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́ fún wa. Bí òjò bá ṣú nígbà tí a wà ní ìpàdé, á fa súwẹ́tà rẹ̀ wọ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè parí o, àwọn eegun mi ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tiwọn." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dun wá báyìí.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò ní parọ́ fún yín. Bàbá sọ fún alága wa, Alàgbà Tímótì Ọmọ́dára, nígbà tí wọ́n lọ gbé òkú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, pé, "Ká ní ẹ jẹ́ kó jókòó síbì kan ni, bóyá ì bá pẹ́ sí i." A kò lè dìde kí a ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ru korobá. Ó wọ bọ́ọ̀sì nínú òjò. A máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, á tún gbà á padà lọ́wọ́ wa. Bóyá iṣẹ́ náà kó àárẹ̀ bá a ju bí ó ti yẹ lọ, a kò mọ̀. Dókítà kò sọ, a kò sì lè sọ ọ́ fúnra wa. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọjọ́ tí a bá fi dandan lé e pé kí ó sinmi, ojú rẹ̀ máa ń dà bí ojú ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá, a gba ọ̀rọ̀ yín. Ó wọ̀ wá lára, ó sì wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn nínú ẹbí tí wọn yóò ka ìwé yìí lè má mọ ohun tí ó ń ṣe dáadáa, nítorí náà a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ní yunifásítì, ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ó padà wálé tí kò rí iṣẹ́ ọ́fíìsì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní ọjà Ìkìrun nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ń palẹ̀ mọ́, tí ó ń tọrọ tòmátì tí ó ti bẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, àti ewé ẹ̀fọ́ tí ó ti rọ. Wọ́n ní, "Ọmọ tó kàwé ló ń ṣa ààtàn yìí?" Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bí àwa ti gbọ́ ọ lọ, a sì mọ̀ pé kò rọrùn fún òbí.

Ohun tí ó ń fi wọ́n ṣe kò ní idán nínú. Táńkì kan ni tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. A ó gé èèpo àti èso tí ó ti bàjẹ́ wẹ́wẹ́, a ó fi omi pò ó, a ó dà á sínú rẹ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, àwọn ohun tín-ín-tìn-ín náà á máa jẹ ẹ́, gáàsì á sì máa ti ara rẹ̀ jáde, páìpù á gbé e lọ sídìí sítóòfù. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ajílẹ̀ fún oko ni. Ó máa ń sọ fún wa pé kí a má bẹ̀rù rẹ̀, ikùn lásán ni. Bí a ṣe ń bọ́ ọmọ ni kí a ṣe máa bọ́ ọ: díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, kí a má sì ṣàdédé yí oúnjẹ rẹ̀ padà.

Èyí tí ó kọ́kọ́ mọ ni èyí tí ó wà lẹ́yìn ilé yín. Ìgbẹ́ màlúù tí ó tọrọ lọ́wọ́ àwọn darandaran ni ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí táńkì kan nínú ẹgbẹ́ wa tí a bẹ̀rẹ̀ láìbu omi láti inú rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń rán ọmọdé lọ fọnná wá láti ilé aládùúgbò láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń wá bu omi dúdú yẹn ní Inísà, tí a ń dà á sínú táńkì tuntun kí ó lè jí. Omi ìyá ni à ń pè é. Gbogbo iná tí ẹgbẹ́ yìí ń dá, ẹ̀yìnkùlé yín ni a ti fọn ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan fún yín, nítorí a kò rò pé òun náà sọ ọ́ nílé. Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkukù, ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kó ohun tí a ti fi fún Ọlọ́run lọ dà sí ààtàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó wà níbẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ojútùú rẹ̀ kò jìnnà. Orin ni wọ́n fi ru agbọ̀n kọ̀ọ̀kan dé ìdí táńkì, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ rárá tí inú táńkì fi di kíkan bí ògì tí a gbàgbé sínú ìkòkò. Gáàsì kò gbaná mọ́. Àwọn ìyá tí wọ́n ń fi iná náà se mọ́ínmọ́ín fún títà padà sídìí igi, ojú sì tì wọ́n láti sọ ohun tí ó fà á.

Ìyá Ayọ̀dàmọ́lá, tí ó jẹ́ aṣáájú wa ní Òkukù, ni ó pe Ìyanuolúwa lórí fóònù, tí ó fi omijé sọ fún un pé ọsàn Ọlọ́run ti pa táńkì. Ó wọkọ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó fi imú sí ẹnu páìpù, ó ní, "Ẹ̀yin mọ́mì, ẹ ò ṣe nǹkan burúkú kankan. Àsè lẹ sè fún un, inú wá ń run ún. Ààwẹ̀ ló kàn báyìí o." Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fún un ní ohunkóhun títí òun yóò fi ní kí ó ṣínu. Ẹ mọ àwọn ará wa. Ìyẹn yé wọn kíá. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ béèrè bóyá ààwẹ̀ gbígbẹ ni tàbí olómi. Ó ní olómi ni, òun ń lọ gbé omi rẹ̀ wá.

Ó padà sí Inísà, ó bu omi ìyá kún kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì láàárín àwọn oníṣòwò àti ẹrù wọn. Awakọ̀ ní òórùn nǹkan yìí ò jẹ́ kí òun mí. Ìyanuolúwa ní kó ṣí wíńdò, pé oúnjẹ aláìsàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ̀, tí ó ń fi eérú tí ń pa kíkan àti omi yẹn tọ́jú táńkì náà díẹ̀díẹ̀, títí iná fi padà sí ìdí ìkòkò wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Títí di òní, bí ẹnìkan bá fẹ́ da èso púpọ̀ sí táńkì ní Òkukù, ẹlòmíràn á ní, "Ṣé o tún fẹ́ kó gbààwẹ̀ ni?" Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ìyá wọ̀nyẹn pa iná wọn fúnra wọn. Wọn kò dá a títí a fi sin ín.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí àìsàn tó dá a dúró ni táńkì ńlá tí yóò máa gba gbogbo ohun jíjẹrà ọjà Ìkìrun. Ó ti wọn ilẹ̀ rẹ̀. Okùn àti èèkàn tí ó fi wọ̀n ọ́n ṣì wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn kò jẹ́ kí ọmọdé tẹ̀ ẹ́. Àwa náà kò lè hú èèkàn wọ̀nyẹn. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin, a sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jà.

Bàbá, Màmá, a mọ̀ pé àṣà kò jẹ́ kí ẹ lọ sí ibojì. Ọmọ ni í sin òbí. Ojú òbí kì í rí ilẹ̀ tí a gbẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a ń gbé e lọ, ẹ wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn tí ó dì yín mú, a sì ń gbọ́ ohùn Màmá títí a fi dé ojú títì. Nítorí náà, ó tọ́ kí a jẹ́ ojú yín níbẹ̀, kí a sì sọ ohun tí a rí fún yín, nítorí bóyá ẹ kò ní lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ni ó wẹ̀ ẹ́. Omi gbígbóná ni wọ́n lò. Ìyá Ayọ̀dàmọ́lá kò gbà kí wọ́n fi omi tútù kàn án; ó ní òtútù ti yọ ọmọ náà lẹ́nu tó. Aṣọ búlúù tí ó máa ń wọ̀ sí ìpàdé ọdọọdún ni Fikáyọ̀ mú wá, òun ni wọ́n sì wọ̀ fún un, pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀ lórí. Ìrora kò sí lójú rẹ̀. Ibi tí ó wà nínú ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì ga díẹ̀, omi òjò kì í dúró síbẹ̀. Alàgbà Ọmọ́dára ti lọ wò ó kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Pásítọ̀ kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Kò sí oúnjẹ, kò sí ariwo, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ òkú ọ̀fọ̀. Fikáyọ̀ ni ó kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i. Ó tẹ̀ síwájú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnìkan dì í mú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn tí ó wá láti Òkukù kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. A ní láti bẹ̀ wọ́n kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí dání: kò sí ìgbà kankan lọ́jọ́ náà tí ó dá wà.

Ẹgbẹ́ ti pinnu pé àwọn ọ̀dọ́ wa yóò bá Bàbá ro oko àgbàdo títí di ìkórè, nítorí a mọ̀ pé ọwọ́ kì í gbé ọkọ́ nígbà tí ọkàn bá wà báyìí. Àwọn obìnrin Ìkìrun yóò máa wá jókòó ti Màmá. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Ọ̀fọ̀ ọmọ ti ṣẹ àwọn náà rí. Ní ti Fikáyọ̀, ó ti di ọmọ gbogbo wa, kí ó má ṣe ro ohunkóhun lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wá bá wa. Táńkì ọjà Ìkìrun náà, a ó parí rẹ̀ níbi tí ó wọn ilẹ̀ sí gan-an. Yóò pẹ́ ju bí ì bá ti pẹ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwa ń ṣe é pẹ̀lú àṣìṣe.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ táńkì ilé yín. Bí ẹ bá pinnu pé kí ó kúrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe lébìrà kó wá fi dígà fọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣáná nítòsí rẹ̀, torí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Àwa ni kí ẹ pè. A ó wá ní ìdákẹ́jẹ́, a ó tú páìpù, a ó gbọ́n ọn gbẹ, a ó sì tẹ́ ilẹ̀ náà padà bí ó ti wà.

Bí ẹ kò bá tíì mọ èyí tí ẹ fẹ́, àwa kò kánjú. Táńkì nìkan ni kò lè dúró pẹ́. Láti ọjọ́ tí Ìyanuolúwa ti wọ ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó bọ́ ọ, nítorí a kò ní ìgboyà láti gba ẹ̀gbẹ́ yàrá rẹ̀ kọjá. Bí ebi bá pa á jù, ohun tí ó wà láàyè nínú rẹ̀ á kú, iná á sì lọ. Nítorí náà, láti ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, ọ̀kan nínú wa yóò máa gbé korobá èèpo wá ní àárọ̀, yóò gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kò ní kanlẹ̀kùn, kò ní jókòó. Bí ó bá bá géètì ẹ̀yìn ní ṣíṣí, yóò bọ́ ọ, yóò sì lọ. Bí ó bá bá a ní títì, a ó mọ̀ pé èsì yín nìyẹn, a ó sì padà sílé láìsọ nǹkan kan. Kódà bí a bá hú u, omi ìyá kò tán. Ó wà ní Òkukù, ó wà ní Ìkìrun. Ọjọ́ yòówù tí ọkàn yín bá yí padà, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a ó gbé e padà wá fún yín, nítorí tiyín ni.

Màmá, ọ̀rọ̀ kan kù, ẹ̀yin nìkan ni ó wà fún. A mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn táńkì yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi rẹ́rìn-ín fún wa pé ẹ ní ọbẹ̀ tí wọ́n fi ìdọ̀tí sè kò ní kan ẹnu yín. Ṣùgbọ́n ó tún sọ fún wa pé nígbà tí eegun bá ń ro òun kí ilẹ̀ tó mọ́, orí iná yẹn ni ẹ ti máa ń gbé omi tí ẹ fi ń tẹ òun lára, nítorí kò sí igi tí ó lè tètè jó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ rò pé òun kò mọ iná tí ẹ lò, òun náà kò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun mọ̀.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yìí, a ní kí oníkálukú sọ ìdí tí ó fi wá. Ẹnìkan ní igi ti wọ́n. Ẹnìkan ní ọjà ń rùn. Nígbà tí ó kan Ìyanuolúwa, ó ní: "Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ara mi bá ti bẹ̀rẹ̀, màámi á dìde lọ sílé ìdáná. Tí wọ́n bá padà wá, ojú wọn á ti pọ́n. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní èéfín ni. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ní èéfín ni. Mo wá ní màá ṣe iná tí ò ní èéfín fún wọn, kí wọ́n má rí irọ́ yẹn pa fún mi mọ́. Tó bá jẹ́ ẹkún ni, kí n ṣáà lè dì mọ́ wọn." Èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ohun tí mo kọ ni pé ó wá nítorí ìlera ìyá rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ gbọ́ tẹnu wa kí a tó hú u. Ẹ̀yin ni ó ṣe é fún, Màmá. Ẹnu yín ni a ń wò, ohun tí ẹ bá sì sọ ni a ó ṣe.

Kí Ọlọ́run tí ó yá wa ní Ìyanuolúwa tẹ́ ẹ sí ibi tí òtútù kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí Ó fún Bàbá ní oorun, kí Ó sì mú ọ̀rọ̀ "ká ní" kúrò lọ́kàn yín díẹ̀díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Kí Ó dá Fikáyọ̀ sí fún yín, kí ó lè sin yín nígbà tí ẹ bá gbó tí ẹ tọ́. Àti ẹ̀yin, Màmá: ní ọjọ́ tí ẹ bá dìde lọ sílé ìdáná tí ojú yín sì pọ́n, kí Ọlọ́run rán ẹnìkan sí yín tí yóò mọ̀ pé kì í ṣe èéfín, tí kò ní béèrè ohunkóhun, tí yóò kàn dì mọ́ yín nítorí rẹ̀. Àmín.

Àwa tí a jọ ń ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú yín,

Fúnmiláyọ̀ Olúwaṣèyítán, akọ̀wé
Tímótì Ọmọ́dára, alága
ní orúkọ gbogbo Ẹgbẹ́ Afèèpo-dáná Ìkìrun, Inísà àti Òkukù